Ọrùn mi ń yí sápá ọ̀tún fúnra ẹ̀: ta ló ti gba abẹ́rẹ́ dystonia rí?

Ìyá Dámi, Tanke

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, n ò kọ nǹkan kan rí. Lónìí, ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀.

Télọ̀ ni mí ní Tanke, nílùú Ìlọrin. Ọmọ Òmù-Àrán ni mí, ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì. Ó ti lé ní ọdún méjì tí ọrùn mi ti ń ṣe iṣẹ́ tí n kò rán an. Tí mo bá jókòó jẹ́ẹ́, orí á máa yí lọ sápá ọ̀tún díẹ̀díẹ̀, títí àgbọ̀n á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èjìká. Tí mo bá fipá dá a padà, á gbọ̀n, á tún lọ.

Mo kọ́kọ́ rò pé ìrọ̀rí ni. Kérésì ọdún náà, aṣọ ẹbí mẹ́tàdínlógójì ló wà nílẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ni mò ń sùn. Mo ní ọrùn tó bá tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ tó bẹ́ẹ̀, kò lè ṣe kó má le. Àfi ìgbà tí oníbàárà kan bi mí pé, "Ìyá Dámi, ta lẹ ń retí lẹ́nu ọ̀nà yẹn?" N ò retí ẹnì kankan. Òmíràn ń bá mi ná owó iṣẹ́, ó ń bẹ̀ mí, orí mi ń mì lọ mì bọ̀, ó rò pé mò ń kọ̀ ni. Ó fi ìbínú kó léèsì ẹ̀ lọ. Nínú fọ́tò ìgbéyàwó àbúrò mi, gbogbo èèyàn ń wo kámẹ́rà, èmi nìkan ni mò ń wo ìkòkò ìrẹsì.

Nǹkan kan wà tó yà mí lẹ́nu, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣe ẹlòmíì bẹ́ẹ̀. Tí mo bá fi ìka méjì péré kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún mi (n ò tì í o, mo kàn fi kàn án, bí ẹni fẹ́ gbọ́n eruku kúrò), orí á rọra padà síwájú, á dúró. Tí mo bá mú ìka kúrò, kò ní pẹ́ tó fi máa tún lọ. Ìyá ọkọ mi rí i, ó ní, ẹ ò rí i pé ó mọ bó ṣe ń dá a dúró, ó kàn ń ṣe àṣejù ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ọrùn lọ. Láàárọ̀ kùtù, kí n tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, kò sóhun tó ń ṣe mí. Kí n tó rìn dé títì láti wọ kẹ̀kẹ́, ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé ọwọ́ méjèèjì la fi ń ránṣọ. Ọwọ́ kan lórí ánkárá, ọwọ́ kan lẹ́rẹ̀kẹ́, aṣọ ò ṣeé rán bẹ́ẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi ló ń bá mi fi òwú sábẹ́rẹ́ báyìí.

Ibi tí mo ti dé: kẹ́míìsì fún mi lóògùn ara ríro, mo lò ó títí inú fi ń ta mí. Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun. Ó di orí mi mú láti ẹ̀yìn, ó ní kí n mí kanlẹ̀, ó yí i sódì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dún kọ́ọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni n ò fi lè gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí. Ilé ìwòsàn kan nígboro ya fọ́tò eegun, wọ́n ní eegun ọrùn ló ń gbó, wọ́n fún mi ní kọ́là tí mo wọ̀ fún oṣù mẹ́ta. Orí ń ta nínú kọ́là náà bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ará ilé ní ọwọ́ ayé ni. N ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn torí èmi náà lọ, mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ara mi fúyẹ́, ọrùn ò gbọ́.

Ìgbẹ̀yìn ẹ̀, wọ́n kọ̀wé darí mi sí kíníkì ọpọlọ ní UITH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, ní Òkè-Oyì. Dókítà yẹn ò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó mọ̀ ọ́n. Ó ní kí n dijú, kí n jẹ́ kí orí lọ síbi tó wù ú. Ó wá bi mí pé, "Mà, ṣé ibì kan wà tẹ́ ẹ máa ń fọwọ́ kàn tó fi ń padà?" Omijé bọ́ lójú mi. Mo fi ìka méjì kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, orí padà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tóun ń wá gan-an nìyẹn. Ó ní dystonia ọrùn ni, pé ọpọlọ ló ń ránṣẹ́ sí iṣan tó yẹ kó sinmi pé kó máa fà. Kì í ṣe eegun, kì í ṣe rọpárọsẹ̀, kì í ṣe orí dídàrú.

Ó fún mi ní Artane, hóró 2mg. Ìlàjì lálẹ́ la fi bẹ̀rẹ̀, mo ti dé hóró mẹ́ta lóòjọ́. Ọrùn dẹ̀ díẹ̀, n ò ní purọ́. Àmọ́ ẹnu mi gbẹ bí ìgbà ọyẹ́, ojú mi ń ṣe bàìbàì tí mo bá wo ihò abẹ́rẹ́, oníbàárà á sì wọn àyà fún mi tán, kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀, iye ẹ̀ á ti fò lọ lórí mi. Dókítà ní abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń gún sínú iṣan ọrùn gan-an, pé òun ló dára jù fún irú tèmi, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni. Mo béèrè owó ẹ̀. Owó ẹ̀rọ wífìn kan gbáko ló ń lọ sí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo!

Ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyí. Ta ló ti gbà á rí? Ọjọ́ mélòó ló fi ń ṣiṣẹ́? Tí n bá gbà á lẹ́ẹ̀kan, tí owó ò wá sí mọ́, ṣé á bà mí jẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni? Wọ́n tún ní wọ́n ń la orí fún un nílẹ̀ òkèèrè, ṣé òótọ́ ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n lọ mu àgbo o. Mo ti mu tán lọ́wọ́ àwọn eléwé ọmọ Ọjà-Ọba.

Àdùnní Físíò

Ìyá Dámi, ẹ kú ìfaradà, mà. Físíò ni mí, Ìlọrin náà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n sọ èyí fún ìyá ọkọ yín: ìka tẹ́ ẹ fi ń kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn, ó wà nínú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní irú ẹ̀ ló ní ibi tó ń fọwọ́ kàn: àgbọ̀n, ẹ̀yìn orí, ẹ̀gbẹ́ ojú. Ẹni tó ń ṣe àṣejù ò ní mọ̀ ọ́n dá sílẹ̀. Pé ó ń sàn tẹ́ ẹ bá dùbúlẹ̀, pé àárọ̀ kùtù dáa, ìwà ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀.

Ẹ ṣe nǹkan kan fún mi. Ẹ jẹ́ kí orí yí síbi tó ń yí sí, kẹ́ ẹ wá fọwọ́ tọ́ iwájú ọrùn lápá òsì, láti ẹ̀yìn etí bọ̀ wá síbi eegun àyà. Ẹ ó bá iṣan kan níbẹ̀ tó le bí okùn ìfami. Òun ló ń yí orí lọ sápá ọ̀tún. Èyí tó wà lẹ́yìn ọrùn lápá ọ̀tún ń bá a ṣe é, ibẹ̀ ló sì ṣeé ṣe kó máa ro yín, tẹ́ ẹ fi ń fi róòbù pa á. Bẹ́ẹ̀, ọ̀gá olè wà níwájú lápá òsì. Ìdí nìyẹn tí fífà àti títẹ̀ lásán kò fi lè ràn án. Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni yí ọrùn yín kọ́ọ́ mọ́ láyé. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sọ́pọlọ gba inú eegun ọrùn kọjá, tó bá fàya, rọpárọsẹ̀ gidi lè tẹ̀lé e.

Nípa Artane: ohun tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ náà ni. Àwọn ọmọdé máa ń gbà á mọ́ra ju àgbà lọ. Ẹ padà sọ fún dókítà pé ojú ń ṣe bàìbàì àti pé ẹ ń gbàgbé, wọ́n lè dín in kù, wọ́n lè fi baclofen tàbí clonazepam, àwọn oògùn tó ń dẹ iṣan, díẹ̀ kún un. Oorun wà nínú àwọn méjèèjì o, pàápàá clonazepam. Ẹ má dá èyíkéyìí dúró lójijì fúnra yín, díẹ̀díẹ̀ la fi ń sọ̀ kalẹ̀. Kẹ́ni tó bá ní gìlókómà, àìsàn ojú yẹn, tàbí bàbá tí ìtọ̀ ń há má ra Artane ní kẹ́míìsì torí ó ka ọ̀rọ̀ yìí.

Abẹ́rẹ́ náà ni botulinum toxin. Botox àti Dysport ni orúkọ tí wọ́n fi ń tà á jù. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka ọ̀kan kì í ṣe ìwọ̀n èkejì, nítorí náà ẹ kọ orúkọ èyí tí wọ́n fún yín àti iye ẹ̀ sínú ìwé yín. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ máa rí i. Ó máa ń lò tó oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà iṣan á jí padà. Kò ní ba ohun kankan jẹ́ tẹ́ ẹ bá dáwọ́ dúró, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ló máa padà sí. Wọn kì í sì í fẹ́ kẹ́ ẹ gbà á kí ọ̀sẹ̀ méjìlá tó pé, torí ara lè kọ́ bí á ṣe máa bá a jà, tí kò fi ní ràn mọ́. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ tẹ̀ mọ́ wọn létí ni òtútù. Fíríìjì ni igò ẹ̀ ń gbé, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí Celsius. Ní ìlú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, ẹ béèrè ibi tó sùn sí lánàá. Ẹ má tijú.

Títí dìgbà yẹn: ẹ gbé tábìlì ẹ̀rọ ga kí orí má máa tẹ̀ wálẹ̀, ẹ wá àga tó ga lẹ́yìn débi tó fi lè kan ẹ̀yìn orí yín, bóyá ó lè ṣiṣẹ́ ìka méjì yẹn fún yín, tí ọwọ́ á fi bọ́. Kẹ́ ẹ sì dùbúlẹ̀ ní ọ̀sán fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tẹ́ ẹ bá gba abẹ́rẹ́ tán, ìgbà yẹn gan-an niṣẹ́ àwa físíò bẹ̀rẹ̀: bí àwọn tó ń fà á bá ti sùn, a ó kọ́ àwọn tó yẹ kó dá a padà ní iṣẹ́ wọn.

Ògidì Egbòogi

Ìyá wa, gbogbo èyí tí wọ́n ń sọ yìí, òyìnbó ló ń jẹ wọ́n lówó. Ọjọ́ méje péré, ewé ìdílé wa, ọrùn á tọ́ bí òpó iná. Ẹ kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀.

Ìyá Dámi, Tanke

Ẹ ṣé, sà. Mo ti sọ tẹnu mi nípa àgbo. Tí orí mi bá ń mì, ẹ má rò pé mò ń gbà o.

Àdùnní, Ọlọ́run á jẹ́ kí ọwọ́ yín ròkè. Mo tọ́ iṣan yẹn. Ó wà níbẹ̀! Ó nípọn ju tapá kejì lọ ní ìlọ́po méjì. Láti ọdún méjì tí mo ti ń fi róòbù pa ẹ̀yìn ọrùn lápá ọ̀tún, àṣé ilé aláìṣẹ̀ ni mò ń lù.

Alfa Òkèléle

Àsàláámù aléékúmù. Ìyá Dámi, ẹ kú ara ìlera. Tèmi, ọwọ́ ni.

Láti kékeré ni mo ti ń kọ wàláà. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, mo mú kálámù, àtàǹpàkò mi ká wọnú, ọrùn ọwọ́ tẹ̀ bí ẹni fẹ́ bu omi. N ò lè fa álífù kan kó tọ́, álífù tí ọmọdé fi ń bẹ̀rẹ̀ kéú! Bí mo bá gbé kálámù sílẹ̀, ọwọ́ dáa. Mo ń fi jẹun, mo ń fi gbé búta, mo ń ka tẹ̀sùbáà, mo ń fi bẹ́ igi. Kìkì ìwé kíkọ ni kò fẹ́. Ẹ ò ní ṣàìmọ ohun táwọn èèyàn sọ. Wọ́n ní alfa kan ló dè mí lọ́wọ́. Hàǹtú tí mo kọ fáwọn èèyàn tí wọ́n fi ń rí ìwòsàn, mo kọ tèmi náà, mo mu ún, àmọ́ bí mo ṣe ń kọ ọ́ gan-an ni ọwọ́ ń ká.

Dókítà ní dystonia náà ni, irú tó ń mú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún: akọ̀wé, onídùùrù, afunfèrè. Ó ní iṣẹ́ yẹn nìkan ló máa ń kọ̀, ọwọ́ á ṣe ìyókù. Mo gba abẹ́rẹ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan, níwájú apá. Àtàǹpàkò tú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìka àárín rọ pẹ̀lú ẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣọ́ọ̀kì ń bọ́ lọ́wọ́ mi níwájú àwọn ọmọ kéú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Iṣan ọwọ́ tín-ín-rín, wọ́n sún mọ́ra, oògùn á ṣàn kan aládùúgbò. Èmi ò padà lọ. Ọrùn yàtọ̀ o, ẹ má fi tèmi díwọ̀n tiyín.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi fóòmù àti aṣọ wé kálámù títí ó fi nípọn bí ọmọ odó kékeré, mo wá fi gbogbo ọwọ́ dì í mú, kí n máa fi èjìká kọ ọ́. Ìyẹn ràn mí fún ọdún kan. Lẹ́yìn náà mo kọ́ ọwọ́ òsì. Àwọn kan ní ọwọ́ òsì kò yẹ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, mo bi àwọn àgbà, wọ́n ní àìlera ló fà á, kí n máa bá a lọ. Mo wá rí nǹkan kan tí n ò mọ̀ tẹ́lẹ̀: torí pé ọ̀tún la ti ń bẹ̀rẹ̀ kéú wá sí òsì, ọwọ́ òsì kì í nu tàdáwà tí kò tíì gbẹ. Ìwé mi mọ́ ju ti ìgbà tí ọwọ́ ọ̀tún dáa lọ. Ó lọ́ra ṣá.

Bàbá Ìbejì, Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìjókòó. Ìbéèrè kan ni mo ní fún Ìyá Dámi: kí ọrùn yìí tó bẹ̀rẹ̀, oògùn wo lẹ lò? Ìdí tí mo fi béèrè ni pé àbúrò mi obìnrin ń bì nígbà kan, wọ́n gún un ní metoclopramide ní ilé ìwòsàn kan, wọ́n ní ká máa lọ sílé. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tán tí ọrùn ẹ̀ fi ká sẹ́yìn, ojú yí sókè, ahọ́n yọ jáde, ó gbọ́ gbogbo ohun tí a ń sọ àmọ́ kò lè fèsì. Ìyá wa ti ń pe orúkọ ẹbọra. A gbé e sórí ọ̀kadà padà lọ, mo jókòó sẹ́yìn, mo fi ọwọ́ di orí ẹ̀ mú láti Àjàṣẹ́. Nọ́ọ̀sì alẹ́ kan ló mọ̀ ọ́n, ó ní oògùn èébì yẹn ló ṣe é. Wọ́n gún un ní promethazine, kò tó wákàtí kan, ó dìde jókòó, ó ní ebi ń pa òun.

Nọ́ọ̀sì ní oògùn táwọn tí orí wọn dàrú ń lò, irú haloperidol, ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà, pé tó bá jẹ́ ẹni tó ti ń lò ó tipẹ́, òmíràn kì í tètè lọ. Àtìgbà yẹn, tí a bá dé ilé ìwòsàn èyíkéyìí, ohun tí mo kọ́kọ́ ń sọ ni pé metoclopramide ò gbọdọ̀ kan ọmọ yìí.

Ìyá Dámi, Tanke

Rárá, Bàbá Ìbejì, n ò lo ìkankan nínú wọn. Dókítà náà béèrè. Ọ̀rọ̀ orí ọ̀kadà yẹn bà mí lẹ́rù ju tèmi lọ.

Ọmọ Ọ̀fà ní Leeds

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ojúmọ́ láti ìlú òtútù. Ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, kì í ṣe dókítà, èmi ni mò ń ti àwọn aláìsàn lórí kẹ̀kẹ́ lọ sí kíníkì. Ọ̀sẹ̀ méjìlá méjìlá ni mò ń rí àwọn ojú kan náà tó ń wá gba abẹ́rẹ́ ọrùn. Mo mọ ìyá àgbà kan tó ti ń gbà á kí wọ́n tó bí mi. Oògùn kan náà ni wọ́n fi ń na ìwájú orí àwọn olówó Èkó, ojú ló sì ti bẹ̀rẹ̀: dókítà ojú kan ní Amẹ́ríkà, Alan Scott, ló wá a fún ojú tó ṣẹ́, tí ọ̀kan ń wo ibì kan, tí èkejì ń wo ibòmíì. Ọdún 1989 ni ìjọba wọn fọwọ́ sí i fún ojú ṣíṣẹ́ àti ìpéǹpéjú tó ń fipá padé. Ti ọrùn di ọdún 2000.

Iṣẹ́ abẹ orí tẹ́ ẹ béèrè, òótọ́ ni. Wọ́n á lu ihò kékeré méjì sí agbárí, wọ́n á ki wáyà tín-ín-rín wọlé dé ìsàlẹ̀ ọpọlọ, wọ́n á gbé bátìrì kékeré sábẹ́ awọ àyà. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí gbogbo ara ẹ̀ ń lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún, tó fẹsẹ̀ ẹ̀ rìn lẹ́yìn ẹ̀. Kì í ṣe lọ́jọ́ náà o. Ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi ń tún bátìrì yẹn ṣètò, bí ẹni ń wá ilé iṣẹ́ rédíò. Bátìrì á tún kú, wọ́n á tún pààrọ̀. Èrò tèmi, ẹni tó máa ṣe é lókè òkun kó wá padà sílé, tí kò sẹ́ni tó máa bá a tún un ṣètò, kó rò ó dáadáa. Àwọn tí abẹ́rẹ́ àti oògùn kọ̀ fún ni wọ́n ń ṣe é fún. Ẹ̀yin ò tíì débẹ̀.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Ọ̀fà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ, tó bá jí, á sáré lọ pọnmi. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ òsì á ká wọnú, á máa fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rìn, á máa ṣubú. Olùkọ́ ní ọ̀lẹ ni, pé tí wọ́n bá ti ní kó gbálẹ̀ lọ́sàn-án ni ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ó tó ọdún mẹ́ta kí dókítà kan tó béèrè pé, "Ṣé àárọ̀ àti alẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ síra?" Ó ní kí wọ́n dán levodopa wò, oògùn táwọn àgbàlagbà tó ń gbọ̀n ń lò, díẹ̀ péré. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lọ́jọ́ kẹrin, kò lè sọ̀rọ̀, ó kàn gbé fóònù sílẹ̀ kí n máa gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ọmọ náà tó ń fò okùn nínú àgbàlá lálẹ́. Irú dystonia kan wà tó jẹ́ pé oògùn yẹn nìkan ló ń fẹ́, títí ayé ni wọ́n á máa lò ó. Ẹni tó bá ní ọmọ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, kó béèrè. Kó sì bi wọ́n nípa Wilson, àìsàn tí kọ́pà fi ń jókòó sínú ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ, torí ìyẹn náà ní oògùn tí a bá tètè rí i.

Ìyá Dámi, Tanke

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti gbà á.

Èésú mi ló bọ́ sí mi lọ́wọ́, tó yẹ kí n fi ra ẹ̀rọ wífìn. Mo jókòó tì í fún alẹ́ kan. Ọkọ mi ní, wífìn tó o bá rà, ta ni máa lò ó? Bí mo ṣe wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn nìyẹn.

Wọ́n lẹ nǹkan mọ́ mi lára, wọ́n so abẹ́rẹ́ mọ́ ẹ̀rọ kan tó ń dún. Tí abẹ́rẹ́ bá wọ iṣan tó ń fà, ẹ̀rọ á pariwo bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Tó bá wọ èyí tí kò jẹ̀bi, á dákẹ́. Ibi márùn-ún ni wọ́n gún. Àdùnní, iwájú lápá òsì ló pariwo jù. Mo béèrè ibi tí igò náà sùn sí, dókítà ní kí n wá wo fíríìjì fúnra mi, ó ní èmi laláìsàn àkọ́kọ́ tó máa bi òun. N ò sọ ẹni tó kọ́ mi.

Ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ karùn-ún, òfo. Mo ti ń ka owó mi lọ́kàn. Ọjọ́ kẹfà, ọ̀fun ń há mi, ẹran ò ṣeé gbé mì. Wọ́n ti sọ fún mi pé ó lè ṣẹlẹ̀, pé tí omi bá ń há mi tàbí tí n ò bá lè mí dáadáa kí n sáré wá, àmọ́ kò débẹ̀. Ẹ̀kọ gbígbóná àti àmàlà ni mo ń jẹ, mo jókòó gbọnrangandan, mo ń gbé e mì díẹ̀díẹ̀, fún bí ọjọ́ mẹ́wàá. Ọjọ́ kẹsàn-án, mo ń rán kọ́là búláòsì, ọmọ iṣẹ́ mi dúró tì mí pẹ̀lú òwú lọ́wọ́, ó ń wò mí, kò sọ nǹkan kan. Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Ọ̀gá, ọwọ́ yín méjèèjì wà lórí aṣọ."

Kò lọ tán o. Tí inú bá ń bí mi, orí á tún fẹ́ yọjú wo ẹnu ọ̀nà. Artane ti dín kù sí hóró kan, ojú mi ti ń rí ihò abẹ́rẹ́. Físíò ń ṣe mí ní nǹkan níwájú dígí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ó ń dùn mí lára, mo ń lọ.

Ti owó, mo sọ fún dókítà pé n ò lè rí i lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún. Ó ní kò burú, kí n sọ ìgbà tí mo nílò ọrùn jù. Mo ní ṣáájú Iléyá àti ṣáájú Kérésì. Ó kọ ọ́ sínú fáìlì bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Láàárín, mo máa máa fi ìka méjì àti àga tó ga lẹ́yìn yẹn gbé e. Káfíńtà Tanke ló kàn án fún mi, ó ṣiṣẹ́ díẹ̀, kì í ṣe bíi ti ìka.

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án kó tó máa tán lára mi. Ẹni tó bá ní aṣọ Iléyá tó fẹ́ rán, ẹ tètè gbé e wá.